Iná Ọ̀sán Lójú Ọ̀nà Ìgèdè

Òórùn méjì wà tí n kì í fẹ́ kí wọ́n pàdé nímú mi: òórùn Ìsáàlì tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀ ilé ìwòsàn, àti òórùn awọ ìjókòó ọkọ̀ tuntun. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin mi bímọ, tí ọkọ rẹ̀ fi ọkọ̀ tí wọn kò tíì ya ọ̀rá kúrò lára ìjókòó rẹ̀ gbé gbogbo wa kúrò ní ọsibítù, òórùn méjèèjì kóra wọn wọ imú mi lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó mọ̀, mo ti di ẹ̀gbẹ́ ìjókòó mú gírígírí, inú ń bí mi sí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ọmọ mi bi mí pé kí ló dé. Mo ní kò sí nǹkan kan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún ìyá ìkókó pé iná iwájú ọkọ̀ ló ń bí mi nínú, àti pé ìbínú ọ̀hún ti lé ní ogójì ọdún? Ìwọ tí a jọ dàgbà ni mo lè sọ ọ́ fún, torí o mọ ojú ọ̀nà náà, o sì mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń sáré ju ọkọ̀ lọ lọ́dọ̀ tiwa.

Adó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà nígbà náà. Àwọn ológun ṣì ni wọ́n ń ṣe ìjọba, ṣùgbọ́n ariwo pé àwọn olóṣèlú ń padà bọ̀ ti gba ìlú kan. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé. Kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù tí gbogbo ayé ń lọ o. Ilẹ̀ òtútù kan ni, lókè téńté Yúróòpù, níbi tó ní oòrùn kì í fẹ́ là nígbà òtútù, tí ọ̀sán wọn dà bí ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ níbẹ̀, ó sì fi ọkọ̀ ojú omi kó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan bọ̀. Ọkọ̀ náà rí gbàgìdì bí àpótí aṣọ, àwọ̀ ewé ni, ilẹ̀kùn rẹ̀ sì wúwo bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ̀ dáadáa ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, iná iwájú rẹ̀ á tàn. Àárọ̀ ni o, ọ̀sán gangan ni o, iná á tàn, kò sì sí ibi tí a lè tẹ̀ kí ó kú, àfi bí ẹ́ńjìnnì bá kú. Ó ní wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ́ di òfin níbẹ̀ ni, pé kí ọkọ̀ máa tan iná tọ̀sán-tòru kí ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè lè tètè rí i.

Iná ọkọ̀ tiwa nígbà yẹn, ìwọ náà á rántí, rẹ́súrẹ́sú ni, bíi ti fìtílà tí epo rẹ̀ fẹ́ tán. Tirẹ̀ funfun báláú. Lálẹ́, àwọn awakọ̀ tó bá pàdé rẹ̀ á yà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, wọ́n á fọwọ́ bojú, wọ́n á sì kó èébú bò ó. Awakọ̀ lọ́rì kan yọrí síta ní ìsàlẹ̀ ìlú Ìyìn, ó ní, "Ṣé oòrùn lo so mọ́ ọkọ̀ nímú ni?" Ẹ̀gbọ́n mi kàn rẹ́rìn-ín. Ó rò pé wọ́n ń yin ọkọ̀ rẹ̀ ni.

Ti òru ṣì rọrùn, èébú kì í lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lára. Ti ọ̀sán ni ìjọ̀ngbọ̀n wà. Ìwọ náà mọ ohun tí ọkọ̀ tó bá tan iná lójú ọ̀sán ń sọ. Òkú ló gbé. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri, kò sí tíṣà tó kọ́ wa, a kàn mọ̀ ọ́n ni. Ẹni tó dé fìlà á ṣí i. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ á sọ̀ kalẹ̀. Àwọn obìnrin á káwọ́ lérí, wọ́n á ní ó mà ṣe o. Awakọ̀ tó ń bọ̀ lódì kejì á yà fún un títí á fi kọjá, àwọn ọmọdé tó ń pariwo á sì panu mọ́. Bí iná ọkọ̀ ẹnì kan bá ṣèèṣì ń tàn lọ́sàn-án, gbogbo ojú ọ̀nà ni wọ́n á ti máa ké sí i pé, "Uná ọkọ̀ rẹ ń tàn o!" kí ó lè tètè pa á, kó má fọwọ́ ara rẹ̀ pe ohun tí kò sí.

Mo ṣàlàyé gbogbo èyí fún ẹ̀gbọ́n mi. Kì í kúkú ṣe pé kò mọ̀ ọ́n, ọmọ Ìgèdè ni, ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yẹn náà ló dàgbà sí. Ó ní àṣà tí kò lórí tí kò nídìí ni. "Àbúrò, iná ọ̀sán ń gba ẹ̀mí là." Ọ̀rọ̀ tó ń tẹnu mọ́ nìyẹn, bí ọmọdé tó ń ka katikísìmù. Bí àwọn awakọ̀ bá sì fi iná ṣẹ́jú sí i láti sọ fún un pé kí ó pa tirẹ̀, òun náà á fi iná ṣẹ́jú sí wọn padà, á juwọ́, á ní àwọn èèyàn wa mà mọ̀ ọ́n kí o. Ta lo lè fẹjọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sùn?

Ìyá wa ń ta ẹ̀wà àti àgbàdo ní Ọjà Ọba ní Adó. Ìgèdè lòun àti bàbá wa ń gbé, ìdájí ló máa ń wọkọ̀ wá, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà. Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, inú rírun dá a wó, wọ́n gbé e dé ọsibítù ní Adó, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Ẹ̀rù bà wá. Ọlọ́run ṣàánú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá a sílẹ̀, dókítà pe èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ara rẹ̀ ti ń yá, kí a tẹ́ ẹ sínú ọkọ̀, kí a má sì sáré rárá, kí ojú abẹ má baà ya.

Ọkàn mi balẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìyá, ó ku ti bàbá. Ẹ̀jẹ̀ ríru ti gbé bàbá wa ṣánlẹ̀ rí, lọ́jọ́ tí ẹnì kan sáré wọlé wá túfọ̀ àbúrò rẹ̀ fún un láìrọra sọ ọ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ kò bọ̀ sípò mọ́ láti ìgbà náà. Dókítà sì ti kì wá nílọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ tún gbọ́ irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lójijì, pé bí ó bá tún ṣubú, bóyá ni yóò dìde. Ìdí nìyẹn tí a kò fi jẹ́ kó wá sí ọsibítù. Ó jókòó sílé ní Ìgèdè, ó ń retí kí á mú ìyàwó rẹ̀ bọ̀. Wá fi iná ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n mi kún un, kí o rí ohun tó ń lé oorun lójú mi. Tí a bá gbé ìyá wa gba ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án pẹ̀lú iná funfun báláú, ìròyìn á dé ọ̀dọ̀ bàbá wa ṣáájú wa, irọ́ á sì di òótọ́ sí wa lọ́rùn, àfi pé bàbá ló máa kú, kì í ṣe ìyá.

Mo lọ bá onítakisí kan sọ̀rọ̀. Ó ti gbà. Ìyá wa ló kọ̀. Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà tó ń wo èmi àti takisí mi bí ẹni tó fẹ́ jí ohun ìní rẹ̀ gbé. "Ọkọ̀ ọmọ mi ni mo fẹ́ wọ̀ dé ulé. Ṣé torí kí n lè máa wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ọ́ ni mo ṣe jẹ́ kó lọ ulú òyìnbó?" Mo ní kí a jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú ná, ó kọ ìyẹn náà. Ẹ̀gbọ́n mi dúró síbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti gbè lẹ́yìn, kí lẹnu àbúrò fẹ́ ṣe?

Mo wá fà á, díẹ̀ ló kù kí n so okùn mọ́ ọn lọ́rùn, lọ sọ́dọ̀ rìwáyà kan lẹ́yìn ọjà, àwọn tó ń tún wáyà iná ọkọ̀ ṣe. Mùsùlùmí ni, ọjọ́ Jímọ́ sì ni. Ó ti wẹ̀, ó ti wọ jalabíà funfun, ó fẹ́ lọ kírun. Síbẹ̀ ó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó mirí. "Wàláì, tíṣà, mi ò rí irú wáyà yìí rí. Ó so pọ̀ mọ́ èyí tó ń jí ẹ́ńjìnnì. Tí mo bá gé e, ó lè jí, ó sì lè má jí mọ́." Mo ní ó dáa, kó kúkú yọ gílóòbù iná rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fò sókè. Ó ní irú gílóòbù náà kò sí láti Adó títí dé Èkó, pé bí ìka ọwọ́ bá kàn án lásán, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. "Mi ò ní sọ ọkọ̀ mi di afọ́jú nítorí àwọn tó ń bẹ̀rù iná!" Rìwáyà wò mí, ó wò ó, ó gbọn eruku kúrò lára jalabíà rẹ̀, ó sì gba mọ́ṣáláṣí lọ. N kò bá a wí. Ta ló fẹ́ ki orí bọ àárín ọmọ ìyá méjì?

Ọgbọ́n kan ló kù tí mo lè dá. Ní ẹnu géètì ọsibítù, bí ẹ́ńjìnnì ti ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, tí iná sì ń tàn, mo tú gèlè mi, mo fi bo iná kan. Iná náà là á kọjá bí ẹni pé n kò fi nǹkan kan sí i. Aṣọ kan ṣoṣo tó nípọn nínú báàgì mi ni ìborùn dúdú kan. Mo fà á ya sí méjì, mo so ó mọ́ ojú iná méjèèjì, ó sì ṣiṣẹ́. Iná kò hàn mọ́. Mo fà sẹ́yìn kí n lè wo iṣẹ́ ọwọ́ mi dáadáa, àfi bí mo ṣe gbọ́ tí ẹnì kan ń mí lẹ́yìn mi. Obìnrin kan tó gbé oúnjẹ aláìsàn lọ́wọ́ ni. Ó ti kúnlẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ọlọ́run á tù yín nínú." Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tó rí: ọkọ̀ tí wọ́n di aṣọ ọ̀fọ̀ mọ́ lójú. Mo já aṣọ náà dànù tìbínú-tìbínú. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín níbẹ̀, n kò sì tíì rí i títí dòní.

A tẹ́ ìyá wa sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Kò lè jókòó nítorí ojú abẹ. Nítorí eruku ọyẹ́, ó ní kí a fi aṣọ funfun bo òun, ó sì fa etí aṣọ náà sókè bo ẹnu àti imú rẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí orí rẹ̀ hàn díẹ̀. Ó ní ṣé mo fẹ́ kí ikọ́ já okùn tí wọ́n fi rán ikùn òun ni. Mo jókòó sí iwájú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà pé kí oòrùn tètè wọ̀. Oòrùn kò tíì kúrò ní àtàrí.

Bí a ti dé Ọjà Ọba ni ariwo ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀ níwájú wa, bí òjò tó ń dá. Mo rí fìlà tó ń kúrò lórí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Alábàárù kan sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀. Obìnrin kan wà tó ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa, tí òun àti ìyá wa ti ń yan odì láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, nítorí ààyè ìsọ̀. Ó rí iná. Ó rí èmi níwájú ọkọ̀. Ó mọ ẹni tó wà ní ọsibítù. Kóńgò tó fi ń wọn ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀wà dà sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó figbe ta. Mo yọ orí síta, mo kígbe pẹ̀lú gbogbo agbára mi pé, "Kò kú o! Ó wà láàyè!" Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ké nínú ọkọ̀ tó tan iná lọ́sàn-án, ẹkún ni wọ́n á pè é. Àwọn tó gbọ́ ohun tí mo wí gan-an mirí, ọ̀kan nínú wọn ní ìbànújẹ́ ti dà mí lórí rú. Ẹ̀gbọ́n mi rọra ń wakọ̀ lọ, ojú rẹ̀ tutù bí ẹni tó ń gbé ọba.

Mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, ẹkún ẹni tí kò rí nǹkan gbá ni. Inú ẹkún yẹn ni mo wà, a ti fi Adó sílẹ̀, a sì ti ń dojú kọ Ìyìn, nígbà tí a pàdé ọkùnrin tó ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ìgèdè, lórí alùpùpù rẹ̀, tó ń bọ̀ wá sí Adó. Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣí fìlà. Ó ya àmì àgbélébùú. Ó wo ojú mi tó ń da omi, ó wo aṣọ funfun lẹ́yìn. Mo ju ọwọ́ méjèèjì sí i pé rárá, rárá, mo ń mirí bí ẹni tí àgbọ́n ta. Àfi bó ṣe yí alùpùpù rẹ̀ padà, tó sì forí lé Ìgèdè eré burúkú. Mo di apá ẹ̀gbọ́n mi mú. "Bọ̀dá, ẹ lé e! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lé e kó tó dé ọ̀dọ̀ Bàbá!" Kò tilẹ̀ wò mí. "Dókítà ní ká má sáré." Òótọ́ ló sọ. Ohun tó dùn mí jù lọ lọ́jọ́ náà nìyẹn, pé òótọ́ ló sọ. Bí a bá sáré, ìyá lè bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Bí a kò bá sáré, bàbá lè kú. Alùpùpù náà di eruku lójú mi.

A kọjá nínú Ìyìn bákan náà, fìlà níbí, fìlà lọ́hùn-ún. N kò ké mọ́, ohùn mi ti há. Nígbà tí òrùlé Ìgèdè bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, a gbọ́ agogo. Kì í ṣe agogo ìsìn tó ń yára. Ẹyọ kan á dún, á pẹ́, òmíràn á tún dún.

Aṣọ mì lẹ́yìn wa. "Ta ló kú?" ni ìyá wa wí. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ló kú ní ulú?" Mo ní, "Màmá, a ò tíì mọ̀." Ó kẹ́dùn. "Ẹni yòówù kó jẹ́, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un." Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka Rosárì wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ fún ọkàn ara rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú ẹ̀gbọ́n mi ti yí padà. Ó yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì kú, iná kú. Ó jẹ́ kí ọkọ̀ máa yí fúnra rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó wọ ìlú. Mo ní ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ó pẹ́ ni, kò sàì dé. Ṣùgbọ́n gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tán, ọkọ̀ dúró sí ẹnu ìlú, àwọn ọkùnrin tó ti ń kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà sì wá bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ọkọ̀ tí iná rẹ̀ kú, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, tí àwọn ọkùnrin tó ṣí fìlà ń tì bọ̀ wọ̀lú lábẹ́ agogo òkú: jọ̀wọ́, kí nìwọ ìbá pè é? Mo sọ fún bàbá àgbàlagbà kan tó ń tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé mi pé ìyá wa kò kú. Ó fọwọ́ tọ́ mi léjìká. "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Àwọn onígbàgbọ́ kì í kú, wọ́n ń sùn ni." Ìyá wa ní tirẹ̀ rò pé ọkọ̀ ló bàjẹ́. Ó dijú, ó ń bá Rosárì rẹ̀ lọ.

Bàbá wa ti wà níta. Ó dúró sí ojú ọ̀nà níwájú ilé, ó gbé ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀ lódì, ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀, fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn èèyàn pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè sún mọ́ ọn. Mo fò jáde kí ọkọ̀ tó dúró. Mo ń mirí, mo ń juwọ́ sí i pé rárá. Kò wo èmi. Fèrèsé ẹ̀yìn ọkọ̀ ló ń wò, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo ní ó ti tán, a ti pa bàbá wa.

Nígbà tí ìyá wa rí i pé ọkọ̀ kò mì mọ́, ó ṣí aṣọ kúrò lójú, ó gbórí sókè díẹ̀, ó wo ìta. Ó rí ọkọ rẹ̀ nínú oòrùn. "Bàbá àwọn ọmọ, kí lẹ ń ṣe níbẹ̀ yẹn láìdé fìlà? Ẹ dé fìlà yín o, oòrùn mú!"

Bàbá wa gbé fìlà sórí. Ó dé e kọjú sẹ́yìn. Ó ní, "Mo ti dé e," bí ọmọdé tí ìyá rẹ̀ bá wí. Ó wá rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Kò ṣubú. N kò mọ ohun tó gbé e dúró, àfi bóyá Rosárì tí ìyá wa ń kà fún ẹni tí kò mọ̀ ló bọ́ sí i lára. Gbogbo ìlú bú sí ariwo. Agogo ṣì ń dún. Nínú gbogbo ayọ̀ náà, kò sẹ́ni tó rántí lọ sọ fún ọkùnrin tó ń lù ú. Èmi ni mo sáré lọ, tí mo gba okùn agogo lọ́wọ́ rẹ̀. N kò rántí ohun tí mo sọ fún un, ṣùgbọ́n n kò rò pé mo lè tún un sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

O lè rò pé ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀bẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó ní kì í ṣe iná ló ṣe é, ojú àwọn èèyàn ni. Bàbá wa ní kí ọkọ̀ náà má wọ agboolé òun mọ́ àfi lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ṣú, alẹ́ ni ẹ̀gbọ́n mi sì ń yọ́ wá kí wọn bí ẹni tó ń fẹ́ ọmọ onílé. Èmi àti ẹ̀ kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìyá wa nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ di ikùn rẹ̀ mú. Ó ní òun rí fìlà ní Ọjà Ọba láti ibi tí òun dùbúlẹ̀ sí, fìlà àti gèlè nìkan lòun ń rí lójú fèrèsé, òun sì rò pé ọba kan ló ń kọjá lẹ́yìn wa, pé èmi sì ń kígbe sọ fún àwọn ọlọ́jà pé ara òun ti yá. Ó ní, "Èmi ni wọ́n ń ṣí i fún?" Ó ní kí n tún sọ ti ẹlẹ́wà yẹn fún òun, bí kóńgò ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó padà sọ́jà, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin náà. Ó ní, "Ó ti sunkún mi. Kí ni mo tún fẹ́ bá a jà lé lórí?" Wọ́n jọ ń ta ẹ̀wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ogbó fi lé wọn kúrò lọ́jà.

Ìyá wa gbó, ó tọ́, kó tó lọ bá bàbá wa. Adó náà ló kú sí, lọ́dọ̀ mi, ọ̀nà kan náà la sì gbé e gbà lọ sí Ìgèdè, lọ́sàn-án. Ọkọ̀ òkú wà níwájú, ó tan iná. Ẹ̀gbọ́n mi tí orí rẹ̀ ti funfun gbé mi tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó wò wá. Gbogbo ọkọ̀ tó ń bọ̀ ló tan iná, ọkọ̀ ayé ìsinsìnyí, bí wọ́n ṣe ń ṣe wọ́n nìyẹn. Ní Ọjà Ọba, wọ́n ń ná ọjà wọn lọ. Ọlọ́kadà kan fẹ́ gba àárín wa kọjá, ó fọwọ́ gbá ara ọkọ̀ òkú pé kó kúrò lọ́nà fún òun. Mo wá fìlà kan tó máa kúrò lórí, mo wá a títí. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kí n máa ṣí i lórí wọn fúnra mi.

Ẹ̀gbọ́n mi rí ojú mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibí, ó ń yí tọ̀hún, lábẹ́ sítíárì ọkọ̀ rẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó ń wá. Ó fẹ́ pa iná. Nígbà tí gbogbo ayé ti tan tiwọn, ó fẹ́ kí tiwa nìkan ṣókùnkùn, kí ẹnì kan lè béèrè pé kí ló dé. Kò rí i pa.

"Kò fẹ́ kú," ló wí.

"Mo mọ̀," mo ní. "Iná ọ̀sán ń gba ẹ̀mí là."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí fìlà orí rẹ̀, ó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó sì wakọ̀ bẹ́ẹ̀ títí a fi dé Ìgèdè, oòrùn ń pa á lórí ní ojú fèrèsé. Òun nìkan ló ṣí fìlà fún ìyá wa lọ́jọ́ náà. Inú ṣì ń bí mi sí i, mo sọ fún ọ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe di fìlà náà mú lórí ẹsẹ̀ mi, mo rí i pé ọjọ́ tí mo ti ń bínú sí láti ọjọ́ yìí wá ni ọjọ́ tí gbogbo ọ̀nà yìí dìde fún ìyá wa, ẹ̀yìn ọkọ̀ ló sì dùbúlẹ̀ sí tó ń fi ojú ara rẹ̀ wò ó.